Ìrora Tí Mo Fi Pamọ́

Orí egungun apá mi ọ̀tún ti kú. Ohun tí dókítà rí nínú àwòrán nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, orí egungun tó yẹ kó rí roboto nínú oríkèé èjìká ti ń rún wọlé. N kò lè gbé apá náà kọjá àyà. Iṣẹ́ dáífà ni mo ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ló sọ mí dà báyìí. Irọ́ tí mo pa lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè iṣẹ́ yìí gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Létí òkun wa, ọmọdé tètè ń mọ mòòkùn, ẹni tó bá sì pẹ́ jù nísàlẹ̀ omi làwa ọmọdé ń yìn. Èrò yẹn ni mo gbé dé ibi iṣẹ́ epo. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbà kí a ta ilẹ̀ bàbá wa kí n lè san owó ilé ẹ̀kọ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí dáífà tí wọ́n ń fi okùn fún ní afẹ́fẹ́ láti òkè, tí kì í kọjá mítà 50. Mo tún gba CSWIP 3.1U, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń yẹ irin wò lábẹ́ omi. Mo máa ń fọ ẹsẹ̀ pèpéle epo, kí n wá ibi tó bá ti là lójú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ṣùgbọ́n saturation ni ọkàn mi wà: àwọn dáífà tó ń gbé inú chamber, yàrá irin tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tẹ̀ bí ìsàlẹ̀ omi, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń mí hílíọ́mù mọ́ ọ́síjìn, tí owó wọn sì ju tiwa lọ fíìfíì. Lójú mi, kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ní gbogbo mítà 10 tí a bá lọ sísàlẹ̀, omi ń fi ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé kan kún èyí tó wà lára wa tẹ́lẹ̀. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí á wá wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá. Bí a bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, a ó mí i jáde. Bí a bá yára, á hó bí ìgò mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà mìíràn, àìsàn tí híhó yìí ń fà máa ń ṣe ẹni tó tẹ̀lé gbogbo òfin, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti bọ́ aṣọ omi. Ìrora inú egungun ni, kò sí bí mo ṣe gbé apá tó rọ̀. Mo mọ ohun tó jẹ́. Chamber wà lórí ọkọ̀, kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì mi. Ìtọ́jú rẹ̀ ò ju kí wọ́n tì mí mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n fún mi ní ọ́síjìn ní ìwọ̀n ìtẹ̀ tó wà ní mítà 18 nísàlẹ̀ omi, fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, dókítà á dá mi dúró fúngbà díẹ̀, saturation á sì tún jìnnà sí mi.

Ọ̀gá tó ń darí wa bi mí: “Àbúrò mi, ṣé kò síbi tó ń dùn ọ́?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Mo lo oògùn ìrora. Lọ́jọ́ kejì, mo tún wọ omi.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ ìtàn Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì nítòsí Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ó tó nǹkan bíi 60 wákàtí tó fi wà ní ìwọ̀n mítà 30 nísàlẹ̀ òkun, kí àwọn dáífà tó wá kó òkú tó bá a láàyè. Wọn ò kàn fà á sókè. Wọ́n gbé e sínú chamber, ó sì lo ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀. Kì í ṣe dáífà nígbà náà, ẹ̀yìn náà ló wá kọ́ ọ. Ó jókòó títí ara rẹ̀ fi gbà á. Èmi tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Dókítà ní òun ò lè búra pé ọjọ́ yẹn ló fà á, torí ọdún pípẹ́ lábẹ́ omi náà lè pa egungun. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé tọ́jú, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ohun tó sì ń dùn mí lọ́kàn ni pé iṣẹ́ mìíràn wà lórí ọkọ̀ kan náà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà nídìí chamber tọ̀sán tòru, àwọn ló ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ àti ooru fún àwọn dáífà saturation. Ẹni tí kò mòòkùn rí lè kọ́ ọ. Àwọn tó ń darí ROV, ẹ̀rọ tó ń wọ omi dípò ènìyàn, iná àti ẹ̀rọ ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí CSWIP 3.4U jókòó sídìí fídíò lókè, ó ń sọ fún dáífà ibi tó yẹ kó wò. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, n kò sì ronú kàn án pé iṣẹ́ tí èmi náà lè ṣe ni.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa, tí mo bẹ̀ ẹ́ nítorí orúkọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ irọ́ mi nínú ìwé, kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní lásìkò yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ chamber, àti pé èmi ni òun fẹ́ dárúkọ. Torí pé mo ní ara mi le ni òun ṣe fi mí sílẹ̀ nínú omi.