Bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́rìí èké l'Ẹ̀gbẹ́dá

1/ Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́rìí èké. Kì í ṣe ní kóòtù o. Inú yàrá mi l'Ẹ̀gbẹ́dá níbí ni, lórí laptop tokunbo tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà.

2/ Linux ni mò ń lò. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tó ń kàwé ní yunifásítì ní Helsinki. Kernel ẹ̀ náà ló wà nísàlẹ̀ Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ nínú yín. Driver ni apá kernel tó ń bá WiFi, kámẹ́rà àti sípíkà sọ̀rọ̀. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà dánfó o! Ẹ pè é ní ògbufọ̀. Tí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹ̀rọ á kàn máa wò yín ni.

3/ Ìṣòro tèmi: tí laptop bá sùn tó sì jí, WiFi kì í jí. Mo wá rí i pé ẹnì kan lókè òkun ti kọ patch fún un. Ẹlòmíì ti ka kóòdù ẹ̀, ó ti fi Reviewed-by sí i. Ó ku ẹni tó ní irú káàdì WiFi yẹn tó máa dán an wò. Káàdì àtijọ́ ni. Ẹ ṣáà mọ ibi tí laptop àtijọ́ máa ń balẹ̀ sí.

4/ Mo ní èmi nìyí. Mo fi --depth=1 gbé kóòdù wálẹ̀ nítorí dátà, mo lo make localmodconfig kó má bàa kọ́ ohun tí ẹ̀rọ mi ò lò. Síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta! Fáànù ẹ̀ ń dún bíi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ọlọ́run bá mi ṣe é, iná ò lọ.

5/ Mo pa á dé, mo ṣí i. WiFi jí. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló jí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Tested-by, orúkọ mi níwájú ẹ̀. Orúkọ yẹn máa wà nínú ìtàn kernel o!

6/ Mi ò tíì fi ránṣẹ́ tí màámi fi pè mí wá jẹun. Mo pa laptop dé. Mo ṣì ń jẹun lọ́wọ́ ni iná lọ. Nígbà tí mo padà ṣí i, WiFi ti kú fin-ín-fin-ín.

7/ Ojú tì mí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹwàá yẹn, ṣájà wà lára ẹ̀. Tó bá wà lórí bátìrì, laptop mi máa ń ní kí WiFi dín agbára tó ń lò kù. Ibẹ̀ ni patch yẹn ò dé.

8/ Ọkàn kan ń sọ pé: "Fi ránṣẹ́ jàre. Ta ni ẹ́? Àwọn tó mọ̀ jù ẹ́ lọ ti kà á." Mo sọ fún màámi. Wọn ò mọ kernel rárá. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"
"Ó ṣiṣẹ́, mà. Ìgbà tó yá, kò ṣiṣẹ́."
"Sọ méjèèjì fún wọn nígbà yẹn."

9/ Mo sọ méjèèjì, mo fi ohun tí dmesg kọ sí i. Okùn USB ni mo fi gba íntánẹ́ẹ̀tì lára fóònù. Àyà mi ń já. Ọjọ́ kejì, ẹni náà dúpẹ́, ó ní òun ò dán ti bátìrì wò. Nígbà tí v2 dé, mo yọ ṣájà, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún jẹ́ kó sùn mọ́jú lórí bátìrì. Ó jí. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ orúkọ mi.

10/ Tẹ́ ẹ bá rò pé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ C kẹ́ ẹ tó wúlò fún Linux, rárá o. Ẹni tó ka kóòdù lè sọ pé ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lè sọ pé ó ṣiṣẹ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò wa fi ohun tí wọn ò rí lọ́hùn-ún hàn mí. Kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ́rìí ohun tẹ́ ò rí.

Iná ti dé. Ẹ jẹ́ n lọ fi fóònù sí ṣájà.