ÌWỌ̀N ARA ÀTI ÌWỌ̀N Ọ̀RỌ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ti mọ òwe yìí láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni a ti kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan nínú wa sanra púpọ̀. Bàbá Ẹ̀bà ni a ń pè é. Bí ó bá sì ti wọ yàrá ìjẹun, ariwo a sọ. Nígbà tí orúnkún ń dùn ún, tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun òkè, àwa méjì sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì bẹ̀ wá kí a bá òun wọlé.

A rò pé dókítà yóò bá a wí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bèèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara yín?” Àgbàlagbà yìí fi “ẹ” bá ọmọ tí ó lè bí sọ̀rọ̀! Lẹ́yìn èyí ni ó wọn gíga rẹ̀, ó jẹ́ mítà 1.70, ó gbé e ka òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kìlógíráàmù 96. Ó ní kí àwa olùkọ́ ọ̀la ṣe ìṣirò rẹ̀. A sọ 1.70 di púpọ̀ nípa 1.70, ó di 2.89, a fi 2.89 pín 96, ó di 33.2. Ó ṣàlàyé pé láti 25 ni ara àgbàlagbà ti wúwo jù, àti pé láti 30 lọ ni a ń pè é ní àìsàn ìsanrajù. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí nìkan kò tó, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan. Nítorí náà ó fi okùn ìwọ̀n yí ikùn rẹ̀ ká, ó wò ó bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀.

Nígbà náà ni ó bèèrè bí ó ti ń jẹun. Ọ̀rẹ́ wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin dókítà, èmi kì í jẹun lọ́sàn-án nítorí ẹ̀rín wọn. Òru ni mo ń jẹun, nígbà tí gbogbo wọn bá ti sùn.”

A kò lè gbé ojú sókè.

Dókítà kò wò wá. Ó sọ fún un pé ìsanrajù kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀kánjúwà lásán. Ìdílé, oorun tí kò tó, oògùn kan, àti ìbànújẹ́ pàápàá lè wà nídìí rẹ̀. Kò ní kí ó kọ ẹ̀bà sílẹ̀, bí kò ṣe kí ó dín in kù, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, kí ó má fi ebi pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní bí kìlógíráàmù 5 péré bá dín, yóò ti ṣe ara rẹ̀ láǹfààní.

Láti ọjọ́ náà ni a ti sin orúkọ ìnagijẹ yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ a ń bá a rìn. Òṣùwọ̀n kò tíì yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá wa jókòó jẹun lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó dúró níwájú àwọn ọmọdé, ọmọ tí ó sanra yóò sì wà láàárín wọn. Dókítà tí ó ní òṣùwọ̀n kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwa tí a kò ní òṣùwọ̀n kankan, ta ni ó rán wa ní iṣẹ́ ẹ̀rín?