Rọ́bà Òrùlé àti Ọ̀nà Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi wo ilé tí ń jò, òun náà ni wọ́n sì fi ń wo ọkọ̀ tí ń jò. Ibi tí omi gbà wọlé nìkan ni ojú wọn máa ń wà. Wọn kì í bèèrè ibi tí ó yẹ kí omi náà gbà jáde. Ọ̀rọ̀ rọ́bà òrùlé ọkọ̀ mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

Honda Prelude ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, ti ọdún 1990, àlòkù tí ó gba Kùtọnù wọ ilẹ̀ wa. Láti ìgbà tí irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànù ní 1978 ni wọ́n ti ń fi ìdérí tí iná mànàmáná ń ṣí sí òrùlé rẹ̀. Sọ́nrúùfù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ojú òrùlé ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ìdérí náà yóò fà sẹ́yìn, atẹ́gùn yóò sì máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ìwó ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ti kọjá Lálúpọn, tí òórùn ewé tútù ń gba òkè wọlé, gbogbo làálàá ọjọ́ náà a sì kúrò lára mi.

Rọ́bà ni ó yí etí ìdérí náà ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tẹ̀ mọ́ òrùlé nígbà tí a bá tì í, kí ó sì padà sí bí ó ti wà nígbà tí a bá ṣí i. Rọ́bà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Oje igi irẹ́ ni àwọn baba wa ń gbà nínú igbó. Ní 1895, èyí tí ó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n, kí dídá tí wọ́n ń dá àwọn igi náà lára ní àdájù tó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn run. Ti ara ọkọ̀ òde òní kì í ṣe oje igi. Láti inú epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe é, kí oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Síbẹ̀, bí ọjọ́ bá pẹ́, oòrùn a borí. Oòrùn Ìwó a máa yan òrùlé irin bí ẹni yan àgbàdo, ọyẹ́ a sì máa kó eruku bá a. Nígbà tí ó yá, rọ́bà náà le, ó sán, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ bàtà tí ó gbó. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe é; ọjọ́ orí ni.

Òjò oṣù kẹfà kan ni ó tú àṣírí. Ìwé àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò àṣekágbá wà lórí àga ẹ̀yìn. Kí n tó délé, omi ti ń kán tó, tó, tó láti ẹ̀bá iná òrùlé, yíǹkì sì ti ṣàn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò kọ àròkọ tí ó yanjú rí. Ti ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ dára. Ojú ìwé mẹ́ta rẹ̀ kò ṣe é kà mọ́. Ó tún un kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dà bí ti àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n ta ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan ní, “Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jẹ́ kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí yìí pa, kí wàhálà tán.” Ìmọ̀ràn náà dùn létí, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa lápálápá ni. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ní kí wọ́n bu ife omi kan wá.

Mo ní, “Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fi omi ṣe lára ohun tí omi ń bà jẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ fara balẹ̀, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí a bi omi fúnra rẹ̀ léèrè.”

Ó ṣí ìdérí, ó sì fi gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí tí ó yí ihò òrùlé ká. Ihò kékeré wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ọ̀pá rọ́bà sì so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjì gba inú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú sọ̀kalẹ̀, méjì gba ẹ̀yìn. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú, kò jẹ́ kí a rí ikùn aṣebi. Aṣọ àjà ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí a rí wọn. Bàbá da omi díẹ̀ sí igun iwájú. A retí kí ó kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kò kán. Ó dúró, ó kún, ó sì yíjú sínú ọkọ̀. Eruku ọyẹ́ àti ewé gbígbẹ ni ó ti dí ọ̀nà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Rọ́bà kò lè dá gbogbo omi dúró, kódà nígbà tí ó bá wà ní tuntun. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adènà ni rọ́bà jẹ́: ó ń dín àlejò kù. Gọ́tà àti ọ̀pá ni ó ń sin èyí tí ó bá yọ́ wọlé jáde. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, gọ́ọ̀mù náà yóò sán lọ́jọ́ kan. Omi yóò wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì máa jẹ irin láti inú wá.

Okùn ọ̀rá rírọ̀ ni Bàbá fi la ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò fi irin gún wọn, kò sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ wọn tagbáratagbára, kí wọ́n má baà já kúrò lẹ́nu ihò. Gáàtì ní Ìbàdàn ni mo ti ra rọ́bà tuntun. Mo mú ègé ti àtijọ́ dání kí a lè fi wé e. Bàbá bó ti àtijọ́ kúrò, ó fi omi ọṣẹ nu ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó gbẹ. Àárín etí ẹ̀yìn ni ó fi oríkèé rọ́bà tuntun sí, nítorí pé iwájú ni òjò ń gbá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Àtàǹpàkò ni ó fi ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò fà á rárá. Ó ní, “Rọ́bà tí a bá fà yóò súnkì padà, yóò sì fi àlàfo sílẹ̀ fún wa.” Lẹ́yìn náà, ó tún ìdérí ṣe kí iwájú rẹ̀ má ga ju òrùlé lọ. Ó sì kìlọ̀ pé kí n má ṣe fi gíríìsì tàbí epo ẹ́ńjìnnì ra á láéláé, nítorí pé epo a máa mú irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú.

Nígbà tí mo wo gọ́tà náà, àgbàlá àwọn baba wa ni ó wá sí mi lọ́kàn. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé a yí àgbàlá ká, a sì dagẹ̀rẹ̀ sínú. Wọn kò dí ojú ọ̀run pa. Àmù ń gba omi tí a óò lò, ihò abẹ́ ògiri sì ń gbé ìyókù jáde. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jọba ní Ilé-Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà wà. Lọ́dọ̀ Adékọ́lá Telu, ọmọ Lúwo yìí kan náà, ni ìtàn Ìwó sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ pé kí a fún omi ní ọ̀nà kì í ṣe ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù.

Òjò ti rọ̀ léraléra láti ìgbà náà; omi ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, inú ọkọ̀ gbẹ, ojú òrùlé sì ń ṣí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún, ẹ da ife omi kan sí igun gọ́tà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ táyà.