Ẹ̀rọ Méjì, Àdírẹ́sì Kan

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé WACS, tó wá fi MainOne ṣe àdìmú, pàdánù méjèèjì pọ̀.

Irú àṣìṣe yìí náà ló fojú onímọ̀ ẹ̀rọ kan rí màbo ní Ìlọrin, nínú ilé ìfowópamọ́ kékeré kan tí àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba ń kówó sí. Firewall méjì ni wọ́n rà. Àwọn méjèèjì jọ ni àdírẹ́sì IP kan, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí oyè nìkan ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n á máa ránṣẹ́ sí àbúrò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí àbúrò kò bá gbọ́ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á gorí oyè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, iná lọ. Inverter gbé àwọn firewall, àmọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn ìyá tó fẹ́ gbowó lọ sọ́jà ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì (àṣà gbogbo wọn nìyẹn). Ó pa ẹ̀rọ méjèèjì, ó tún wọn tàn, pàbó ló já sí. Nígbà tó pa àbúrò nìkan, gbogbo nǹkan bọ̀ sípò.

"Alhaji, ẹ má bínú, ọba méjì ló wà láàfin," ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Switch kékeré tó ń gbé ìránṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì ni wọn kò so mọ́ inverter. Switch kú, àbúrò kò gbóhùn ẹ̀gbọ́n mọ́, ó rò pé ó ti wàjà, ló bá wé láwàní. Ẹ̀gbọ́n kò kúkú kú. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn kọ̀ǹpútà kò sì mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé.

Wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò lọ́jọ́ tó dé: wọ́n yọ wáyà iná ẹ̀gbọ́n, àbúrò gbaṣẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ronú kan switch.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ tààrà, ó tún la ọ̀nà ìránṣẹ́ kejì gba inú switch ńlá, ó sì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ó ku inverter, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì gbé gbogbo wọn. Alhaji ní kí ó dúró di oṣù tó ń bọ̀.