Ewédú Inú Ilé Onígíláàsì

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ ẹbí ẹlẹ́bí wò. Ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó délé. Báyìí ni ewédú tí èmi àti ọmọ mi gbìn sínú ilé onígíláàsì wa ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe gbẹ. Ọmọ náà kò bá mi wí. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń darí irú iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ. Arduino ni a rà, èyí tí wọ́n ṣe ní Ítálì ní 2005 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ tí ń fa omi mọ́ ọn tààrà, yóò jó (mo ti jó ọ̀kan). Ẹ fi relay sáàárín, kí ẹ̀rọ omi náà sì jẹ́ ti 12 volt.

Ọmọ ni ó kọ àṣẹ sínú rẹ̀. Orúkọ tí ó lò ni omi àti ooru. N kò ní kí ó lo Yorùbá.