Ta Ló Ni Ẹnu?

Ọdún méjì gbáko ni màmá mi fi ń fọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Eyín àtọwọ́dá òkè wọn ló já bọ́ sínú àwo níbi ìkómọjáde kan, àwọn ọmọdé sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti lọ sóde mọ́.

Mo rò pé owó ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà: kí a ri òpó irin titanium mọ́ egungun, kí a gbé eyín lé e. Àwòrán tí dókítà yà fi hàn pé egungun tí yóò gbà á kò tó. Bí eyín bá ti kúrò, egungun tó gbé e ró a máa joro díẹ̀díẹ̀.

Dókítà la ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí wọ́n fi egungun kún un, kí a sì dúró fún oṣù mélòó kan kí ó jinná. Èkejì, òpó gígùn, tó lè ju mílímítà 30 lọ, tí yóò wọnú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́; Brånemark ará Sweden ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, eyín àtọwọ́dá tuntun tó bá erìgì mu.

Mo ti ń ṣírò owó tí n ó yá fún èkejì. Màmá wò mí: "Ta ló ni ẹnu?"

Ojú tì mí. N kò tíì bi wọ́n léèrè.

Wọn kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kẹta ni wọ́n mú. Wọn kì í jẹ ẹran líle. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn sì wà lórí itan.