Imú Ṣáájú, Ẹnu Tẹ̀lé E

Osdorfer Born ni mò ń gbé ní Hamburg, láàárín àwọn ilé gogoro tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1967. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wa, bọ́ọ̀sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀ bí mo bá ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́ wáìnì wò ní Portugiesenviertel, àdúgbò àwọn ará Potogí lẹ́bàá èbúté. Lẹ́yìn àdéhùn òṣìṣẹ́ tí Jámánì bá Potogí ṣe ní 1964 ni bàbá náà wá. Èbúté ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó di ẹni tó ń ta wáìnì.

Òfin rẹ̀ kò gba àwáwí. Má fín lọ́fíńdà. Má jẹ ata kí o tó wá. (Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ bá mi rò ó.)

Omi lásán ló kọ́kọ́ ń bù fún mi. Kí n di ẹsẹ̀ ife mú, kí n máa yí i lórí tábìlì láìta á sílẹ̀. Ọwọ́ mi le, aṣọ mi sì ń rin gbingbin. Ìgbà tí ọwọ́ rọ̀ tán ló kan ojú: a ó tẹ ife sórí bébà funfun, a ó wo etí wáìnì náà. Bí ó bá ṣì ń dán bí elése àlùkò, kò tíì pẹ́. Bí ó bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọjọ́ ti gorí ọjọ́.

Imú ló gba àkókò jù. Bàbá gbé ife méjì kalẹ̀, àdàlù kan náà láti Alentejo: Aragonez, Trincadeira àti Alicante Bouschet. Táǹkì irin ni ọ̀kan ti wá. Èkejì ti lo ọdún kan nínú àgbá igi óòkù ilẹ̀ Faransé, onílítà 225.

"Kí ni igi fi kún un?"

Mo ní fànílà.

"Ta ni kò mọ ìyẹn? Tún gbọ́ òórùn rẹ̀."

Mo tẹ imú bọ̀ ọ́ títí mo fi gbọ́ kànáfùrù, lẹ́yìn rẹ̀ èéfín díẹ̀, nítorí iná ni wọ́n fi ń yá inú àgbá kí wọ́n tó rọ wáìnì sí i.

Ní ti ẹnu, a kì í gbé e mì. A ó fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn, a ó yí i kiri ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ó tu ú sínú garawa. Kíkan rẹ̀ máa ń mú itọ́ sun. Tannin, tó ti ara èèpo àjàrà àti igi wá, máa ń gbẹ ẹnu bí agbálùmọ̀ tí kò pọ́n. Ọjọ́ tí mo ya méjèèjì sọ́tọ̀ fúnra mi, bàbá kò yìn mí. Ó kàn bu òmíràn sí ife.

Ìwọ̀n 17 lórí tẹmómítà ló fẹ́ kí wáìnì pupa wà. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ọtí nìkan ni imú yóò gbọ́.

Ní báyìí, tí mo bá ń kọ ìdájọ́ mi, èso ni mò ń kọ ṣáájú, kí igi tó tẹ̀lé e. Ìgò tí fànílà bá bo èso rẹ̀ mọ́lẹ̀, máàkì rẹ̀ á wálẹ̀, ì báà wọ́n bí ojú. Ibi tí èmi àti bàbá kò tíì fẹnu kò sí ni òórùn àgbọn tí óòkù Amẹ́ríkà máa ń mú wá. Òun fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ. Ó ní kò burú, kí n ṣáà kọ èso ṣáájú.